Etí Tí Ó Ń Gbọ́ Ogójì Ẹnu

Ọmọ Yorùbá tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Fátíhà, fáwẹ̀lì ni yóò máa fi há àárín ọ̀rọ̀. Èdè wa kì í jẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì méjì dúró tira wọn, nítorí náà ẹnu ọmọ á wá ibi tí yóò fi "i" tàbí "u" sí, "alhamdu" á di "alihamudu". Ààfáà tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í tìtorí èyí jágbe mọ́ ọmọ. Á ní kó tún un kà, á sì gbé ìka sókè níbi tí ó yẹ kí ahọ́n ti dúró. Ọmọ á rí ìka, á dá ahọ́n dúró. Ó lè tó ẹ̀ẹ̀mẹfà kí ó tó bọ́ sí i, ohùn Ààfáà kò ní yí padà láti àkọ́kọ́ dé ìkẹfà.

Irú iṣẹ́ yìí ni mo lọ wò ní ọ̀sán kan ní ilé kéwú kan ní agbègbè Mọ́níyà, ní Akínyẹlé. Ọmọ bí ogójì ló wà lábẹ́ páànù kan ṣoṣo, kò sì sí méjì tí ó wà lójú kan náà. Èyí ń pe álífù, èyí ń so lẹ́tà pọ̀, èyí ti wọ inú àwọn súrà kéékèèké tí ó wà lẹ́yìn Kùránì, nítorí pé láti ẹ̀yìn ni àwọn ọmọ wa ti ń kà bọ̀ wá síwájú. Àwọn tí ó dàgbà díẹ̀ ń kọ́ àwọn àbúrò wọn. Gbogbo wọn ń kà sókè lẹ́ẹ̀kan náà, tí àlejò yóò fi rò pé ariwo lásán ni. Kì í ṣe ariwo fún Ààfáà tí ó jókòó síwájú wọn. Ó ń gbọ́ ti ọmọ tí ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, síbẹ̀ ó ń dárúkọ ọmọ mìíràn ní igun lọ́hùn-ún, láìyí ojú padà, pé kó fa ohùn náà gùn.

Ibi fífà yìí ni mo ti mọ̀ pé ọ̀gá ni. Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ tí ọmọ Yorùbá ń gbé sórí ọ̀rọ̀ Lárúbáwá, ó fi í sílẹ̀, nítorí kò yí ìtumọ̀ padà. Ṣùgbọ́n bí fáwẹ̀lì bá gùn tàbí tí ó bá kúrú, ìtumọ̀ yí nìyẹn: "kataba" ni pé ó kọ̀wé, "kaataba" ni pé òun àti ẹnì kan jọ ń kọ̀wé síra wọn. Kò jẹ́ kí ọ̀kan nínú wọn sá lọ mọ́ ọn létí. Lẹ́tà áyìn tí ó ń wá láti ọ̀nà ọ̀fun, èyí tí èdè wa kò ní, ọwọ́ ni ó fi ń kan ọ̀fun ara rẹ̀ kí ọmọ tó pè é. Kò sí ìwé kankan níwájú rẹ̀ tí ó kọ ibi tí ọmọ kọ̀ọ̀kan dé sí. Orí ló fi ń mọ̀ ọ́n.

Báwo ni irú ilé ẹ̀kọ́ báyìí ṣe ń wọ abẹ́ ètò ìjọba? Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń gbìyànjú rẹ̀ nílẹ̀ wa. Ní ọdún 1896, ìjọba Èkó ṣí Government Muslim School, nítorí pé àwọn òbí Mùsùlùmí ń bẹ̀rù pé bí ọmọ wọn bá wọ ilé ìwé àwọn míṣọ́nnárì, wọn yóò yí i lẹ́sìn padà. Ọ̀mọ̀wé Edward Blyden ṣe iṣẹ́ ńlá níbẹ̀, ọmọ ilé kéwú gan-an, Idris Animashaun, sì ni wọ́n fi ṣe olórí olùkọ́. Mo gbà pé ìpinnu yẹn ló gbọ́n jù nínú ọ̀rọ̀ náà: wọn kò lọ wá àlejò tí yóò wá kọ́ni ní ohun tí onílé ti mọ̀.

Nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, àárọ̀ di ti ilé ìwé, kéwú sì bọ́ sí ọ̀sán àti ìrọ̀lẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọmọ. Láàárín àwọn ọdún wọ̀nyẹn náà ni Sheikh Adam al-Ilori gbé ilé ẹ̀kọ́ Markaz kalẹ̀ ní Agége, tí Sheikh Murtada Abdussalam sì dá ilé ẹ̀kọ́ Ma'had sílẹ̀ ní Ẹlẹ́kùró, Ìbàdàn. Wọ́n pín ọmọ sí kíláàsì, wọ́n kọ́ wọn ní gírámà, wọ́n ń ṣe ìdánwò. Yunifásítì Ìbàdàn sì ṣí kọ́ọ̀sì sẹ̀tífíkéètì tí ọmọ ilé kéwú lè gbà wọ inú yunifásítì. Ọ̀nà yìí ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ Lárúbáwá gbà dé iwájú pátákó ìkọ̀wé ìjọba.

Ọ̀kan nínú wọn ni Ààfáà tí mò ń sọ. Ní àárọ̀, olùkọ́ ni ní ilé ìwé ìjọba, níbi tí ó ti ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn Ìsìláàmù àti èdè Lárúbáwá. Bí ó bá di ọ̀sán, á bọ́ sẹ́yìn wàláà àti káàdì álífù. Ìwé òfin tí ó so ilé méjèèjì pọ̀ kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ti so pọ̀ nínú Ààfáà fúnra rẹ̀. Láti ilé ìwé ìjọba, ó mú ìwé ìpè orúkọ àti ètò ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ wá sí ilé kéwú. Láti ilé kéwú, ó mú ohun tí ó tóbi jù lọ sí ilé ìwé ìjọba: ó ń pe ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan kó wá kàwé sí òun létí, kì í sì í jẹ́ kí ó kọjá ibi tí kò tíì mọ̀. Ní ilé ìwé tí gbogbo kíláàsì jọ ń gòkè lọ́dọọdún, yálà ọmọ mọ̀ tàbí kò mọ̀, iṣẹ́ ńlá ni èyí. Mo gbàgbọ́ pé ìjọba ló jèrè jù nínú pàṣípààrọ̀ yìí.

Ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ àti ìjọba yìí máa ń mú mi rántí àwọn ọmọ ìran Ṣáínà ní Malaysia, tí àwọn náà fi owó ara wọn kọ́ ilé ẹ̀kọ́ èdè wọn. Òfin ẹ̀kọ́ ọdún 1961 ní kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama wọn yàn: kí wọ́n gba owó ìjọba kí wọ́n sì fi èdè mìíràn kọ́ni, tàbí kí wọ́n dá dúró. Púpọ̀ gba owó náà. Nǹkan bí ọgọ́ta ni ó ṣì dá dúró títí di òní, tí àwọn ará ìlú ń fi ọrẹ gbé ró. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wọn ní tirẹ̀ wà lábẹ́ ìjọba, èdè Ṣáínà ni wọ́n sì ṣì fi ń kọ́ni níbẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì yìí ni ó yẹ kí àwọn tí ń ṣètò ẹ̀kọ́ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kà dáadáa, nítorí gbígba ilé ẹ̀kọ́ wọlé kò ní kí a gba èdè rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Nílé kéwú yẹn, àwọn òbí ṣì ń mú owó Àlàrùbá wá ní ọjọ́rú, owó kékeré tí ẹni tí kò ní kì í san. Owó oṣù ìjọba kò ka wákàtí ọ̀sán mọ́ iṣẹ́ Ààfáà. Bí òṣìṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ bá dé láti wo ilé náà, páànù, àga àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ kà, ó sì tọ́ kó kà wọ́n, nítorí àwọn ọmọ nílò wọn. Kí ó tún jókòó di ìrọ̀lẹ́. Kí ó bi Ààfáà ibi tí ọmọ kọ̀ọ̀kan dé, kó pe ọmọ náà kó wá kà, kó sì kọ wákàtí ọ̀sán yẹn sínú ìwé iṣẹ́ olùkọ́ kí wọ́n lè san owó rẹ̀. Bí ìjọba bá sì fẹ́ kó ọmọ púpọ̀ sí i wá, kí wọ́n gba olùkọ́ kejì kí iye ọmọ tó kọjá èyí tí etí kan lè gbọ́.