Wolé-wolé àti Omi Oníyọ̀: Àríwísí lórí Ipò Àṣà nínú Ìlànà Ìlera Ìlú, pẹ̀lú Àkíyèsí láti Festac àti Amúwò-Ọ̀dọ̀fin

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú iṣẹ́ yìí ni láti yẹ ìlò ọ̀rọ̀ kan wò, èyí ni 'àṣà', bí àwọn tí ń ṣe ìlànà ìlera fún ìlú ṣe ń lò ó. Ọ̀rọ̀ náà ti di ọ̀rọ̀ ńlá. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìpàdé gbogbogbòò Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ọwọ́ sí ìpinnu kan pé kí àwọn orílẹ̀-èdè máa lo ìmọ̀ nípa ìwà àti ìṣe ènìyàn láti mú ìlera dára sí i. A kò bá ìpinnu yìí jà. Ṣùgbọ́n ní ọ̀dọ̀ tiwa, nígbà tí a bá sọ pé a fẹ́ fi àṣà kún ètò ìlera, ohun tí a sábà máa ń rí ni pé a ó fi ìlù dùndún ṣáájú ìkéde orí rédíò, a ó pa òwe kan lé e, a ó sì pe ọba kan kí ó wá bá wa ya àwòrán. Ní èrò tiwa, ọ̀ṣọ́ ni èyí. Àṣà tí ó kan ìlera ni ìdí tí ìyá ọmọ kan fi gbà pé kí òun fún ọmọ ní omi mu, tàbí tí ó fi gbà pé kí òun fa omi náà sẹ́yìn.

A ó mú ètò ìjọba méjì tí ó jẹ́ ọmọ ìgbà kan náà, àwọn ọdún 1980, a ó sì kà wọ́n bí a ti ń ka ìwé. Èkíní ni ìmọ́tótó àyíká alóṣooṣù. Èkejì ni omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí a fi ń tọ́jú ọmọ tí ó ń ya ìgbẹ́ gbuuru. Lẹ́yìn náà ni a ó wo àrùn onígbáméjì tí ó jà ní Èkó ní 2024.

Kí á tó lọ jìnnà, ó yẹ kí á sọ ìdí tí a fi yan Festac àti Amúwò-Ọ̀dọ̀fin. Ilẹ̀ Àwórì ni agbègbè yìí láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. A kọ́ Festac Town láti gba àwọn àlejò tí ó wá sí àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú ní 1977. Àjọ̀dún parí, ilé kù. Igbo, Ẹ̀dó, Yorùbá àti ọ̀pọ̀ ẹ̀yà mìíràn sì kó sínú rẹ̀. Nọ́ńbà ni orúkọ ọ̀pọ̀ òpópónà ibẹ̀. Kò sí agbo-ilé tí baálé lè pè jọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí àgbàlá tí akéde lè dúró sí lu agogo. Ìlú tí a torí àṣà kọ́ wá di ibi tí ó ṣòro jù láti tọ́ka sí àṣà ẹni kan. Bẹ́ẹ̀ sì ni, bí a bá wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá sí Ìrédé tàbí Ìbèṣè, ní abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan náà, ojú omi ni ọ̀nà, ìṣe mìíràn ni a ó sì bá. Olùwádìí tí ó bá ti di 'àṣà Yorùbá' kan ṣoṣo sínú àpò rẹ̀ kí ó tó kúrò ní Yunifásítì yóò ṣìnà ní ibi méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wolé-wolé, nítorí pé orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́ àríwísí. Ilé ni ó ń wò. Àwọn tí ó sọ ọ́ ní orúkọ náà kò rí i pé ó ń wo ènìyàn. Láti ayé ìjọba amúnisìn ni ó ti ń wọ ilé onílé, tí ó ń ṣí ìdérí àmù láti mọ̀ bóyá tanwíjí wà nínú omi. Bí ó bá rí i, ìtanràn ni. Àwọn ìyá wa àgbà sọ ìtàn náà fún wa tó: ẹni àkọ́kọ́ tí ó bá fojú kan wolé-wolé ní àdúgbò yóò figbe ta, omi yóò sì máa dà sílẹ̀ láti ilé dé ilé. Kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wọn, àmù ti gbẹ. Ní ọjọ́ kejì omi padà sínú àmù, tanwíjí náà sì padà. Ìlànà yìí kò kọ́ àwọn ènìyàn pé tanwíjí ni ó ń di ẹ̀fọn, pé ẹ̀fọn ni ó sì ń gbé ibà kiri. Bí a ti ń dá ìró bàtà wolé-wolé mọ̀ ni ó kọ́ wọn, wọ́n sì mọ̀ ọ́n dájú.

Ní 1984 ìjọba ológun Buhari àti Idiagbon bẹ̀rẹ̀ ètò tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí WAI, ogun tí a gbé ti ìwà àìníjàánu. Ní 1985 ìmọ́tótó àyíká di apá kan nínú rẹ̀. Ní Sátidé tí ó kẹ́yìn oṣù, láti aago méje sí mẹ́wàá òwúrọ̀, kí onílé gbélé, kí ó tún àyíká rẹ̀ ṣe. Wolé-wolé ti di ti gbogbo ìlú, ọlọ́pàá sì ti kún un. Ẹni tí ó bá ti gbé ní Èkó mọ ohun tí wákàtí mẹ́ta náà dà: àwọn ọmọdékùnrin ń gbá bọ́ọ̀lù lórí títì tí ọkọ̀ kò sí, àgbà ń sùn, àwọn díẹ̀ sì ń kó ẹrẹ̀ inú gọ́tà jáde, wọ́n ń tò ó sí etí gọ́tà. Bí ọkọ̀ akólẹ̀ kò bá tètè dé, òjò á tì í padà sí ibi tí ó ti wá. Ní 2015 ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó dájọ́ pé kò bá òfin mu láti há àwọn ènìyàn mọ́lé nítorí ìmọ́tótó. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2016 ìjọba ìpínlẹ̀ fòpin sí ìhámọ́ náà. Ọgbọ̀n ọdún kò tó láti sọ ìṣe náà di àṣà.

Ṣé àwọn ará Èkó fẹ́ràn ìdọ̀tí ni? Rárá o. Obìnrin kan náà tí kò ní ṣí gọ́tà ni yóò gbálẹ̀ ojúde rẹ̀ ní ìdájí kí ó tó kí ẹnikẹ́ni. Ojúde jẹ́ tirẹ̀. Gọ́tà jẹ́ ti ìjọba, nítorí ìjọba ni ó ń fi ọlọ́pàá ṣọ́ ọ. Ààlà yìí ni ó yẹ kí ètò náà kọ́kọ́ rí. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ tí a máa ń gbọ́ pé ìdọ̀tí kì í pa ọmọ Áfíríkà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera máa ń mú un bí ẹ̀rí àìmọ̀kan. A kò gbà pẹ̀lú wọn. Ẹ fetí sí ìgbà tí a máa ń sọ ọ́: nígbà tí oúnjẹ bá já bọ́ sílẹ̀ tí kò sì sí òmíràn, tàbí nígbà tí omi tí ó wà kò mọ́ tó tí òǹgbẹ sì ń gbẹ ènìyàn. Ẹ̀rín ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Ẹni tí kò ní yíyàn ni ó ń fi pa ara rẹ̀ lẹ́rìn-ín; bí a bá fún un ní omi mímọ́, kò ní tún un sọ.

Ètò kejì kò ní ọlọ́pàá. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, oníṣègùn ọmọdé, di mínísítà ètò ìlera ní 1985, ìgbẹ́ gbuuru wà lára ohun tí ó ń pa ọmọ wẹ́wẹ́ ní ilẹ̀ yìí. Omi ara tí ó ń bá ìgbẹ́ náà jáde ni ó ń pa wọ́n, iyọ̀ àti ṣúgà tí a pò mọ́ omi sì lè dá a padà. Ṣùgbọ́n báwo ni ìyá tí kò ní òṣùwọ̀n nílé yóò ṣe wọn omi? Ìdáhùn wà ní igun ilé gbogbo: ìgò. Ìgò bíà ńlá kan tàbí ìgò mínírà méjì ni a fi ṣe òṣùwọ̀n omi. Ṣíbí ìmutíì ni a fi wọn ìyókù. Nínú gbogbo ohun tí a ti kà nípa ìlànà ìlera ní Nàìjíríà, a kò tíì rí èyí tí ó mọ inú ilé tó báyìí.

Síbẹ̀síbẹ̀, ètò náà mọ ìgò ju ẹni tí ó di ìgò mú lọ. Kí ìyá tó wá ìtọ́jú, yóò kọ́kọ́ sọ àìsàn ní orúkọ, orúkọ ni yóò sì darí ọwọ́ rẹ̀. Bí ọmọ bá ń yàgbẹ́ nígbà tí erìgì rẹ̀ ń wú, eyín ni ó ń hù. Ta ni í tọ́jú eyín tí ó ń hù? Bí ó bá ti dàgbà díẹ̀, jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti le. Láti kékeré ni a ti ń gbọ́ pé ṣúgà ni ó ń fa jẹ̀díjẹ̀dí, pé egbò kíkorò ni a fi ń lé e. Nọ́ọ̀sì wá ní kí á bu ṣúgà fún ọmọ náà! Ní etí ìyá, ohun tí ó fa àrùn ni a ní kí ó fi wo àrùn. Bí ó bá gba ìwé ìléwọ́, tí ó dúpẹ́, tí ó sì dé ilé tí kò lò ó, a ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé olórí kunkun ni. Ìyá mìíràn sì wà tí yóò dín omi kù, nítorí ojú rẹ̀ rí i pé ohun tí ó wọlé ni ó ń jáde. Ìrònú ni èyí, àṣìṣe ni. Ṣùgbọ́n a kò lè fi ìlù dùndún tún ìrònú ṣe.

Orúkọ kan wà tí ó lè ràn wá lọ́wọ́, èyí ni 'onígbáméjì'. Igbá kan fún èébì, igbá kan fún ìgbẹ́. Àwọn tí ó fún àrùn náà ní orúkọ yìí ti ka ohun tí ń jáde lára aláìsàn, wọ́n sì kà á pé. Òṣìṣẹ́ ìlera tí ó bá gbọ́ orúkọ náà dáadáa yóò béèrè igbá kẹta: èwo ni ó ń wọlé? Bí a bá bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, omi oníyọ̀ yóò di igbá tí a fi ń dí ohun tí igbá méjì kó lọ, a kò sì ní bá ìyá jiyàn lórí ṣúgà rárá.

Ẹnìkan lè sọ pé àrùn ńlá kò ní ìgbà ìtúpalẹ̀ orúkọ, pé òfin ni ó yá. Ẹ jẹ́ kí á wo Ebola. Ní ogúnjọ́ oṣù keje 2014 ni aláìsàn àkọ́kọ́ gúnlẹ̀ ní Èkó. Ènìyàn 20 ni ó kó àrùn náà ní Nàìjíríà, 8 kú, ó sì tán ní ogúnjọ́ oṣù kẹwàá. Òfin wà nínú rẹ̀, a kò sẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ó dá a dúró ni pé a lọ sí ilé àwọn ènìyàn bíi 894 tí wọ́n fara kan aláìsàn, ìbẹ̀wò tí ó tó 18,500 lápapọ̀. Wolé-wolé ni àwọn wọ̀nyí náà, àfi pé ènìyàn ni wọ́n ń wò, wọ́n ń kí i, wọ́n sì ń padà wá lọ́la.

Ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà, ní òru, àhesọ kan gba orí fóònù: kí gbogbo ènìyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kí wọ́n sì mu nínú rẹ̀. Ìwé ìròyìn gbé e pé ó pa ènìyàn. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a ka bí wọ́n ti hun ún. Ẹ̀gbọ́n tàbí ìyá ni ó pè, kì í ṣe ìjọba. Ohun tí ó ní kí á ṣe kò gba owó. Inú ilé ìdáná ni iyọ̀ wà, iyọ̀ kan náà tí nọ́ọ̀sì ti ń rọ̀ wá láti lò láti àwọn ọdún 1980.

Nígbà tí onígbáméjì jà ní Èkó ní oṣù kẹfà 2024, ohun mímu òfìò tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC wà lára ohun tí ìjọba ìpínlẹ̀ fura sí. Ìkéde ní kí á má rà á, kí á fọ ọwọ́, kí á se omi. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Amúwò-Ọ̀dọ̀fin, ọ̀pọ̀ ilé kò ní omi ìjọba tí ń ṣàn. Kànga ẹlẹ́rọ, píọ́ wọ́tà àti mẹ́ruwà ni wọ́n gbójú lé. Mẹ́ruwà ń ti kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ láti òpópónà dé òpópónà, ó sì wọlé ju dókítà lọ. Hausa ni ọ̀pọ̀ wọn ń sọ. Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìkéde tí àwa gbọ́. Bí a ó bá da oògùn sí omi kan ní agbègbè yìí, inú kẹ́ẹ̀gì yẹn ni à bá ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá onílé mọ mẹ́ruwà rẹ̀ ní orúkọ. Bí ó bá ti gbé kẹ́ẹ̀gì kalẹ̀, yóò tọ́ omi náà wò, yóò sì bi í pé, 'Níbo lo ti fà á lónìí?' Ìbéèrè yìí ti wà lẹ́nu rẹ̀ kí àrùn tó dé. A kò gbọ́ ọ nínú ìkéde kankan.