“Mo Ń Gba Ọlọ́run Gbọ́ fún Iṣẹ́”: Àyẹ̀wò Gbólóhùn Kan Lórí Pẹpẹ Wa

Ní Ìlúpéjú, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ibi ní Èkó, a ní àwọn ìjọ tí oníwàásù ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, tí ògbufọ̀ sì ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Bí oníwàásù bá ti wí pé, “I am believing God for a job,” ògbufọ̀ a dáhùn pé, “Mo ń gba Ọlọ́run gbọ́ fún iṣẹ́.” Gbólóhùn yìí ni a fẹ́ yẹ̀ wò.

Nínú gírámà Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe kan ń sọ ohun tí ènìyàn ń ṣe: sísáré, jíjẹun. Àwọn mìíràn ń sọ ipò tí ènìyàn wà: mímọ̀, níní, gbígbàgbọ́. Irú kejì yìí kì í sábà gba “-ing”. Yorùbá náà mọ ìyàtọ̀ yìí. “Mo lọ” ti kọjá. Ṣùgbọ́n “Mo mọ pásítọ̀ wa” ṣì rí bẹ́ẹ̀ di ìsinsìnyí. Ta ni í sọ pé, “Mo ń mọ pásítọ̀ wa”?

A mọ ohun tí àwọn tí ń lo gbólóhùn náà ní lọ́kàn: ìforítì. Wọ́n lè tọ́ka sí Gíríìkì Jòhánù 3:16, níbi tí ìgbàgbọ́ ti jẹ́ ohun tí ń bá a lọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Bíbélì Yorùbá kò fi “ń” sí i níbẹ̀, ìtumọ̀ náà kò sì sọnù. Lóòótọ́, “ń gbà gbọ́” lè tọ́ bí a bá ń sọ ìwà ènìyàn láti ọjọ́ dé ọjọ́. “Fún iṣẹ́” ni ó sọ ọ́ di làálàá.

Ewu rẹ̀ nìyí. Òṣìṣẹ́ tí ilé iṣẹ́ dá dúró, tí ó ti “ń gbàgbọ́” fún oṣù mẹ́fà láìríṣẹ́, yóò rò pé ìgbàgbọ́ òun ni kò tí ì pé. Bẹ́ẹ̀ sì ni Róòmù 4:5 ya ìgbàgbọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ ṣíṣe. Ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe tuntun ní èdè wa: láti 1850 ni Róòmù tí Àjàyí Crowther túmọ̀ ti jáde. Bàbá inú Máàkù 9:24 jẹ́wọ́ ìgbàgbọ́, ó sì tọrọ ìrànlọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Jésù kò ní kí ó lọ parí ìgbàgbọ́ rẹ̀ ná.

Ẹ̀yin òjíṣẹ́ Ọlọ́run, ẹ jẹ́ kí ògbufọ̀ pín in sí méjì: “Mo gba Ọlọ́run gbọ́, mo ń retí iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.” Nígbà náà, bí iṣẹ́ bá pẹ́, ẹni tí ń retí yóò mọ̀ pé iṣẹ́ ni ó pẹ́, kì í ṣe ìgbàgbọ́.