Ẹ Bá Mi Wo Fọ́tò Yìí

Mo fẹ́ràn bí àwa tí a ń ya fọ́tò òkè àti odò fún ìfẹ́ rẹ̀ ṣe ń yẹ iṣẹ́ ara wa wò. Ẹnì kan á gun àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè tó lé ní 600, á ya àpáta lọ́sàn-án gangan, á gbé e síwájú wa. Ọ̀kan á ní: "Ẹ kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n oòrùn ti wà lókè jù. Ẹ padà lọ ní kùtùkùtù, kí òjìji lè fi ihò ara òkúta hàn." Òmíràn á ní kí òrùlé páànù ìsàlẹ̀ hàn níbẹ̀, ká lè mọ bí òkè náà ti tóbi tó. Ìyìn nìkan kì í kọ́ni níṣẹ́. Ẹni tó fara balẹ̀ wo fọ́tò rẹ, tó sì sọ ibi tó kù sí, ó ṣe ọ́ lóore.