Ohùn Tó Wálẹ̀: Orin Ọmọdé Láàárín Àwọn Yorùbá Abidjan

Nínú àgbàlá kan ní Treichville, ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́rin kan jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá àgbà rẹ̀. Kò tíì bọ́ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́. Orin Faransé tí wọ́n kọ́ wọn ní maternelle, jẹ́lé-ó-sinmi elédè Faransé, ló ń kọ, ó ń pàtẹ́wọ́ sí i, àtẹ́wọ́ kan sí sílébù kan, kò ṣì í rárá. Nígbà tó yá, ó fẹ́ sọ pé ọkọ̀ ló gbé òun dé, ṣùgbọ́n “ọkọ́” ló ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “Ọkọ́ wo ló gbé ẹ, ìyá mi?”

Lálẹ́, ìyá àgbà pàlọ́. Ó lé orin àlọ́ náà, ọmọ ń gbè é. Wọ́n kan ọ̀rọ̀ kan náà nínú orin, ohùn ọmọ sì wálẹ̀ síbi tó yẹ kó wálẹ̀: ọkọ̀. Ohun tí kò lè sọ ní ọ̀sán, ó kọ ọ́ lórin lálẹ́ láìṣàṣìṣe.

Ohùn tó wálẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ fi yẹ ọ̀rọ̀ orin nílé-ẹ̀kọ́ ọmọdé wò, nítorí ariwo ti pọ̀ jù lórí rẹ̀. Ní 1993, ìwé ìròyìn Nature gbé ìwádìí kékeré kan jáde nípa orin Mozart. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì mẹ́rìndínlógójì ni wọ́n dán wò, kò sì sí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi kankan nínú wọn. Èrè tí ọpọlọ wọn rí nínú gbígbọ́ ọ kò ju bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Síbẹ̀, nígbà tó fi di 1998, gómìnà Georgia ní Amẹ́ríkà ti ń bèèrè owó láti fi ra orin fún gbogbo ìkókó ìpínlẹ̀ rẹ̀! Iṣẹ́ Bradley àti Bryant ní Oxford ní 1983 ni mo gbà gbọ́ jù: ọmọ ọdún mẹ́rin àti márùn-ún tí etí rẹ̀ bá lè ya ìró ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀, ìwé kíkà kì í le fún un bíi ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Etí ni orin ń là.

Ní ti Faransé, maternelle Abidjan ń là á dáadáa. Ìpele mẹ́ta ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, petite, moyenne àti grande section, fún ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún. Orin kéékèèké tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bára mu nípárí àti àtẹ́wọ́ tó ń ka sílébù bá èdè yẹn mu gan-an. Faransé kò ní ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ tó ń yí ìtumọ̀ padà, sílébù ìparí ló máa ń fún lágbára. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ fi di ọkọ́ lẹ́nu ọmọ náà. Etí rẹ̀ kò dí. Faransé ni wọ́n fi là á.

Tiwa yàtọ̀. Dò, re, mí la fi ń kọ́ ọmọ ní àmì ohùn, orúkọ orin sì ni. Nínú orin ìbílẹ̀ wa, ohùn ọ̀rọ̀ ló ń darí ohùn orin. T. K. E. Phillips, tó fi ọdún pípẹ́ tẹ dùùrù ní kàtídírà Marina l’Ékòó, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, Yoruba Music, ní 1953. Ilẹ̀ Abidjan pàápàá mọ irú èyí: Djidji Ayôkwé, ìlù àwọn Atchan tó gùn ju mítà mẹ́ta lọ, tí àwọn Faransé gbé lọ ní 1916, sọ̀rọ̀ nítorí pé èdè àwọn tó ni ín jẹ́ olóhùn. Ní 2025 ni ilé aṣòfin Faransé tó dìbò pé kí wọ́n dá a padà.

Ẹ̀bi tiwa náà wà ńbẹ̀. Ọ̀pọ̀ orin tí jẹ́lé-ó-sinmi Èkó àti Ìbàdàn ń kọ́ ọmọ, ohùn òyìnbó ni wọ́n ki ọ̀rọ̀ Yorùbá bọ̀. Ibi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ wálẹ̀, orin á gòkè. Ọmọ tó bá ti ibẹ̀ kọ́ ohùn, ìṣìnà ló kọ́. Kì í ṣe gbogbo orin tó bá ti ní ọ̀rọ̀ Yorùbá nínú ló ń kọ́ni ní Yorùbá.

Ilé-ẹ̀kọ́ náà lè fi èdè abínibí kọ́ ọmọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Fafunwa darí iṣẹ́ tó fi Yorùbá kọ́ni fún ọdún mẹ́fà gbáko nílé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀, láti 1970. Ìjọba Côte d’Ivoire bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 2001 pẹ̀lú èdè mẹ́wàá, Baoulé, Bété, Senoufo àti àwọn yòókù. Yorùbá kò sí lára wọn, kò sì ṣeé bínú sí, torí àlejò ni wá níbẹ̀, Anango ni wọ́n ń pè wá. Ilé ló kù.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará Èjìgbò àti gbogbo ọmọ Yorùbá tó wà ní Treichville, Adjamé àti Koumassi, ẹ má bá tíṣà maternelle jà. Ẹ jẹ́ kó ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ pàlọ́ lálẹ́, ẹ lé orin rẹ̀, kí ẹ sì dákẹ́ kí ọmọ fẹnu ara rẹ̀ gbè é. Ẹ má tan fóònù sílẹ̀ dípò ara yín: fóònù á kọrin tán, kò ní mọ̀ bóyá ọkọ̀ lọmọ pè tàbí ọkọ́.