Ṣé Kí A Gbé Òye Sílẹ̀ ní Ẹsẹ̀ Òkè?

Ẹ̀kọ́ kan wà tí a ń gbọ́ ní ilé àdúrà, yálà ní Ìgbọ̀nà ní Òṣogbo níbí, tàbí lórí àwọn òkè àdúrà ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà: pé ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe àṣàrò tí ó jinlẹ̀, kí ó kọ́kọ́ gbé òye rẹ̀ sílẹ̀ ní ẹsẹ̀ òkè. Wọ́n ní òye ni ó ń dí Ẹ̀mí lọ́wọ́. Kí a di ojú, kí a máa pe ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo léraléra títí ọkàn yóò fi ṣófo. Nígbà náà ni ìṣípayá yóò dé. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ẹ̀kọ́ yìí wò.

Ẹni tí wọ́n sábà máa ń fi ṣe ẹ̀rí ni Àpọ́sítélì Joseph Ayọ̀ Babalọlá. Wọ́n ní, ẹni tí ń wa ẹ̀rọ tí a fi ń tẹ ọ̀nà ni. Lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀nà láàrin Iléṣà àti Àkúrẹ́ ni Ọlọ́run ti pè é ní oṣù Kẹwàá ọdún 1928, kò sì lọ sí sẹ́mínárì kankan. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìtàn náà kò parí síbẹ̀. Kí ni àwọn àgbààgbà Faith Tabernacle wá ṣe ní Òkè-Ooye, Iléṣà, ní oṣù Keje ọdún 1930 tí ìsọjí fi bẹ́ sílẹ̀? Wọ́n wá jíròrò lórí àríyànjiyàn ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ ni. Ṣáájú èyí, láti ọdún 1918, Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye ti ń pàdé fún àdúrà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ìwé ìròyìn àti lẹ́tà ni ó so wọ́n pọ̀ mọ́ Faith Tabernacle ti Philadelphia ní Amẹ́ríkà. Wọ́n kà á, wọ́n fi wé Bíbélì, wọ́n sì fi ìjọ Áńgílíkà sílẹ̀ nítorí ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ lórí ìrìbọmi ọmọdé. Èlíjà to igi kí iná tó sọ̀ kalẹ̀. Iná Òkè-Ooye náà bá igi ní títò.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Níbi tí Bíbélì Yorùbá ti pè é ní àṣàrò nínú Jóṣúà 1:8 àti Orin Dáfídì 1:2, hagah ni èdè Hébérù lò. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni Àìsáyà 31:4 lò fún kíkùn kìnnìún lórí ẹran tí ó pa. Kìnnìún kì í kùn lórí òfìfo; ẹran wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Màlúù pàápàá, ó ní láti jẹ koríko kí ó tó jẹ àpọ̀jẹ. Òye ni ó ń kó koríko jọ. Àṣàrò ni àpọ̀jẹ.

Síbẹ̀, àwọn olùkọ́ wọ̀nyí rí nǹkan kan tí àwa ará sẹ́mínárì kì í fẹ́ gbọ́. Fílípì 4:7 sọ ti àlàáfíà tí ó ju òye lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ lè tú gbólóhùn Gíríìkì palẹ̀ láìdákẹ́ níwájú Ẹni tí ó sọ ọ́ rí. Koríko pọ̀ lẹ́nu irú ẹni bẹ́ẹ̀, kò jẹ àpọ̀jẹ. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ju òye lọ kò lòdì sí òye. Nínú Kọ́ríńtì Kìíní 14:15, Pọ́ọ̀lù di àdúrà ti ẹ̀mí àti ti òye mú pọ̀; kò ta ọ̀kan ra èkejì.

Ẹ̀yin olùṣọ́àgùntàn mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dun ni. Ọmọ ìjọ gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, ó sì sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ohùn tí ó ní ìyá rẹ̀ ni àjẹ́, kí ó lé e jáde nílé. Jòhánù Kìíní 4:1 ní kí a dán àwọn ẹ̀mí wò. Kí ni yóò fi dán an wò, nígbà tí a ti kọ́ ọ pé kí ó gbé òye sílẹ̀? Ìyá arúgbó ni yóò san gbèsè ẹ̀kọ́ wa.

Nítorí náà, kí a tó kó ìjọ gun òkè, ẹ jẹ́ kí a ka orí Bíbélì kan pẹ̀lú wọn tán. Kí a bi wọ́n léèrè bóyá ohun tí wọ́n ń kà yé wọn, bí Fílípì ti bi ìwẹ̀fà ará Etiópíà; kí a sì bi wọ́n pé: ta ni ń sọ̀rọ̀, ta ni ó ń bá wí, èé ṣe? Lẹ́yìn èyí, kí a dákẹ́, kí a sì dúró de Olúwa. Ohùn tí a bá gbọ́, kí a mú un padà sí orí tí a kà. Bí òye bá bá wa gòkè, yóò bá wa sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú.