Àáró Nínú Ọkọ̀ Òfurufú: Ohun tí Mass Effect 2 Rán Mi Létí nípa Oko Bàámi

Níbẹ̀rẹ̀ Mass Effect 2, wọ́n rán wa lọ sí abúlé kan tí wọ́n ń pè ní Freedom's Progress. Ayé mìíràn ni abúlé náà wà, ó jìnnà sí ilé ayé tiwa yìí. Nígbà tá a débẹ̀, oúnjẹ ṣì wà lórí tábìlì, ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kankan. Àwọn ẹ̀dá kan tí wọ́n ń jẹ́ Collectors ti kó gbogbo ará abúlé lọ. Inú yàrá hostel ni mo ti kọ́kọ́ rí i, lórí láptọ́ọ̀pù ọ̀rẹ́ mi, tí jẹnẹrétọ̀ ń pariwo lẹ́yìn wíńdò. Abúlé wa ni mo rántí, lẹ́yìn Mọ́níyà, ní Akínyẹlé. Kò sí ẹni tó jí ará abúlé tiwa gbé o. Ìbàdàn, Èkó àti òkè òkun ló kó wọn.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ò mọ géèmù náà: BioWare, iléeṣẹ́ kan ní Kánádà, ló gbé e jáde ní 2010. Òun ni ìkejì nínú mẹ́ta tó bẹ̀rẹ̀ ní 2007. Ìwọ ni Shepard, ọ̀gágun. O lè jẹ́ ọkùnrin, o lè jẹ́ obìnrin. Iṣẹ́ rẹ ni láti kó ikọ̀ jọ káàkiri àárín ìràwọ̀, kẹ́ ẹ sì lọ bá àwọn Collectors níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í dé bọ̀. Bí ìjà bá dé, ẹni méjì péré ló lè tẹ̀ lé ọ. Wà á dá eré dúró díẹ̀, wà á fi ẹni tí oníkálukú máa dojú kọ hàn án, ìjà á sì tẹ̀ síwájú. Ní 2021, wọ́n tún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe, wọ́n sọ ọ́ ní Legendary Edition, torí náà ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lónìí kò tíì pẹ́.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé ìkejì yìí ló dára jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èmi náà gbà. Àwọn kan á ní ìbọn ló mú un dára, àwọn kan á ní ìtàn ni. Ní tèmi, ohun tó mú un dára ni pé géèmù àáró ni. Mi ò rò pé àwọn tó ṣe é gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rí.

Àwa ọmọ ìsinsìnyí máa ń da àwọn nǹkan wọ̀nyí pọ̀, ẹ jẹ́ ká yà wọ́n sọ́tọ̀. Àgbàṣe ni kí o sanwó fún ẹni tó bá ọ ro oko. Ọ̀wẹ̀ ni kí o pe èèyàn rẹpẹtẹ fún iṣẹ́ ọjọ́ kan, kí o sì fún wọn lóúnjẹ. Àáró yàtọ̀. Ẹ̀yin mẹ́rin tàbí márùn-ún tí agbára yín fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba lẹ máa ń ṣe é. Lónìí, oko tèmi ni gbogbo wa wà. Lọ́jọ́ mìíràn, ó di oko tìrẹ. Owó ò wọ̀ ọ́. Iye ebè tí o bá kọ fún mi ni màá kọ fún ọ, bí mo bá sì kùnà, gbogbo abúlé á gbọ́.

Bí Mass Effect 2 ṣe rí gan-an nìyẹn. Kí ogun ńlá tó dé, ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ikọ̀ rẹ á wá bá ọ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tara rẹ̀. Ẹ sì wo irú ọ̀rọ̀ tó jẹ́: ọ̀pọ̀ nínú wọn, ọ̀rọ̀ ẹbí ni. Jacob ń wá bàbá rẹ̀ tó ti sọnù. Miranda ń dáàbò bo àbúrò rẹ̀. Àwọn èèyàn Tali fẹ́ lé e nílùú. Thane, apànìyàn tí àìsàn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa, ń sáré kí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin má bàa di apànìyàn bíi tirẹ̀. Zaeed pàápàá, tó jẹ́ pé owó ló gbé e wọ ọkọ̀, ní ọ̀tá àtijọ́ kan tó fẹ́ bá yanjú ọ̀rọ̀. Alágbàṣe ni, síbẹ̀ òun náà ní oko tirẹ̀. Bí o bá bá wọn ro oko wọn, tọkàntọkàn ni wọ́n á fi bá ọ ro tìrẹ. Bí o ò bá lọ, wọ́n á ṣì tẹ̀ lé ọ, ṣùgbọ́n ọkàn wọn ò ní sí níbẹ̀, ó sì lè pa wọ́n.

Kóòdù ni iṣẹ́ mi, mo sì mọ ohun tó wà lábẹ́ gbogbo èyí. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n wọn ò dúró síbẹ̀. Ní ogun ìkẹyìn, ó ní ẹni tó yẹ kí o rán wọ inú ihò tóóró, ó ní ẹni tó yẹ kó ṣáájú àwọn yòókù. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Bí o bá rán ẹni tí kò yẹ, ikú ni. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo gbá a, mo kó Garrus àti Grunt tẹ̀ lé mi torí pé wọ́n le, mo fi àwọn tí kò lágbára tó wọn sílẹ̀ láti ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Mordin, dókítà àgbà tó máa ń sọ̀rọ̀ wàràwàrà, kú síbẹ̀. Mo sì ti bá a ro oko tirẹ̀ o! Ká ní mo ní kó mú àwọn tá a gbà sílẹ̀ padà sínú ọkọ̀ ni, kì bá má kú. Mi ò lè sùn lóru ọjọ́ yẹn. Ìfẹ́ nìkan ò tó. O gbọ́dọ̀ mọ iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó ń bá ọ ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ó ní ibi tí géèmù yìí kù sí. Nínú àáró, èmi àti ìwọ nìkan kọ́ la jọ jẹ gbèsè, gbogbo wa la jẹ ara wa. Nínú ọkọ̀ Shepard, ọ̀dọ̀ ọ̀gá ni gbogbo ọ̀nà já sí. Ta ni Jack bá ro oko rẹ̀ rí? Kò sí. Bí òun àti Miranda bá ń jà, ìwọ lo máa là wọ́n, bí ẹnu rẹ ò bá sì dùn tó, o máa pàdánù ọkàn ẹnì kan nínú wọn. Èkejì ni pé bí o bá ti ran èèyàn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Àfi bí irú ìjà bẹ́ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ọkàn rẹ̀ ti di tìrẹ títí láé. Oko ò rí bẹ́ẹ̀. Koríko máa ń hù padà.

Ìkẹta, tó jáde ní 2012, ló wá ba nǹkan jẹ́ gan-an. Wọ́n sọ gbogbo ìrànlọ́wọ́ di nọ́ńbà. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun yìí, nọ́ńbà. Ọ̀rẹ́ tí o gbà là, nọ́ńbà. Wọ́n á wá fi ìdá kan sọ nọ́ńbà náà di púpọ̀, ìdajì ni ìdá yẹn sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ jáde, kó tó lè gòkè, àfi kí o lọ bá àwọn ẹlòmíràn gbá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Pẹ̀lú dátà ti Nàìjíríà nígbà yẹn? Ẹ má bínú, ẹ jẹ́ n rẹ́rìn-ín. Nígbà tí àwọn èèyàn figbe ta lórí bí ìtàn náà ṣe parí, tí BioWare fi ní láti fẹ ìparí náà lójú lọ́dún yẹn kan náà, ohun tí mo gbọ́ nínú igbe wọn ni pé: àáró la ṣe, ẹ wá ṣírò rẹ̀ fún wa bí àgbàṣe.

Lóṣù tó kọjá, Bàámi pè mí. Koríko ti bo gbágùúdá. Mo ní, "Bàámi, ẹ má ṣèyọnu, mo máa fowó ránṣẹ́ kẹ́ ẹ fi gba lébírà."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, owó tó o fi ránṣẹ́ nígbà yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Èèyàn ni ò sí."

Mo pe àwọn méjì tá a jọ ń kọ kóòdù. Oko ìyá ọ̀kan wà ní Lálúpọn, ti bàbá èkejì wà lọ́nà Akanran. Lọ́jọ́ Sátidé, a dé oko Bàámi. Nígbà tó máa fi di aago mẹ́wàá, àtẹ́lẹwọ́ àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti bó. Bàámi tún apá tí mo ro ro lẹ́yìn mi, wọn ò sọ nǹkan kan. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a lọ sí Lálúpọn.

Ó ku ti Akanran. Iṣẹ́ dé, òjò rọ̀, mo sì ti sún un síwájú lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rẹ́ mi ò tíì sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n mo rí bó ṣe ń wò mí níbi iṣẹ́. Géèmù ì bá ti sọ fún mi bóyá ọkàn rẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ mi.