Kí Ẹ̀ẹ̀rùn Tó Dé: Iṣẹ́ Oníradiétọ̀ ní Ìbàràpá

Ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, àwọn tó ń gbé inú ọkọ̀ bí ẹni gbé ilé máa ń tún páìpù omi gbígbóná inú rẹ̀ ṣe kí òtútù tó wọlé. Omi tó bá di yìnyín ń fẹ̀ sí i, páìpù a sì bẹ́. Ní Ìbàràpá níbí, ooru ni ẹ̀rù tiwa. Ọkọ̀ tó di ẹ̀gẹ́ kún láti Tápà tàbí Àyétẹ̀, tó dorí kọ Ìbàdàn lọ́sàn-án oṣù Kejì, bí radiétọ̀ rẹ̀ ò bá pé, ojú ọ̀nà ni yóò ti máa hó. Nítorí náà ni dẹ́rẹ́bà tó gbọ́n ṣe ń tètè wá oníradiétọ̀ lọ.

Èyí tí mo jókòó tì ní Igbó-Ọrà kì í yára tan iná. Dẹ́rẹ́bà ń nawọ́ sí ibi tó ní ó ń jò; kò dá a lóhùn. Ó fi ìka tọ ẹ̀gbẹ́ radiétọ̀ náà lọ, ó ń wá ibi tí nǹkan funfun tàbí àwọ̀ ewé ti gbẹ mọ́ bàbà, torí omi tó jò a máa gbẹ, àmì rẹ̀ kì í lọ. Ó fi rọ́bà dí ẹnu kan, ó so pọ́ńpù mọ́ ìkejì, ó rì í sínú omi, ó wá ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i díẹ̀díẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ jù, ibi tó ti rọ̀ yóò fọ́. A dúró. Hóró afẹ́fẹ́ kan gòkè, òmíràn tẹ̀ lé e, ní ìsàlẹ̀ lódìkejì ibi tí wọ́n nawọ́ sí. “Dẹ́rẹ́bà, ẹ wò ó níbí.” Ó fi ìṣó fa ilà síbẹ̀ kó má baà sọ ọ́ nù.

Ó ha ojú ibẹ̀ títí bàbà fi pọ́n, ó fi ásíìdì nù ún, iná ló wá kàn. Òjé tí wọ́n pò mọ́ tin, tó fi ń dí ihò, lè bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ ní 183°C. Bàbà ò ní yọ́ àfi tí ooru bá ju 1,000°C lọ. Ẹni tó ń wòran lè rò pé àyè pọ̀ níbẹ̀. Kò pọ̀ rárá, nítorí òjé kan náà ló so àwọn oríkèé tó kù pọ̀, iná tó bá pẹ́ lójú kan yóò tú wọn. Ó fi àkísà tútù bo àwọn tó wà nítòsí, ó gbé iná wá, ó gbé e kúrò, ó tún gbé e wá. Gẹ́rẹ́ tí òjé dán tó sì sáré wọnú ihò, ó mú iná kúrò. Ojú ló fi ń mọ̀ ọ́n. Mi ò rí i kó ṣì í.

Radiétọ̀ alumíníọ̀mù olórí ike kò gba òjé yìí. Ó máa ń sọ fún ẹni tó gbé e wá pé kó lọ ra òmíràn, kò sì ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibi tí mo ti bá a jiyàn ni thermostat, ohun tó ń dá omi dúró kí ẹ́ńjìnnì lè tètè gbóná; ó yọ ọ́ jù nù. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní in máa ń pẹ́ kó tó gbóná, ó sì ń jẹ epo. Ó ní ayédèrú tí wọ́n ń tà burú ju àìní lọ. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀ lóòótọ́.

Kò fi omi bọ̀hóòlù kún radiétọ̀, nítorí ohun funfun tó máa ń lẹ̀ mọ́ inú páìpù. Kólántì ló fẹ́. Àwọn kan rò pé ti ìlú olótùútù ni, àmọ́ ó ń dènà ìpẹtà, ó sì ń jẹ́ kí omi pẹ́ kó tó hó. Ó gbé imú ọkọ̀ sókè, ó ń tẹ hóòsì kí afẹ́fẹ́ tó há sínú lè jáde, kò sì kúrò níbẹ̀ títí fáànù fi tan.

Ìdérí radiétọ̀ ló yẹ̀ wò kẹ́yìn. Èyí tó ń di ìfúnpá 0.9 bar mú ń jẹ́ kí omi lásán dé nǹkan bí 118°C kó tó hó. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ṣí i létí ọ̀nà nígbà tó bá ń ru, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró kó tutù: omi tó gbóná tó bẹ́ẹ̀ yóò di oru mọ́ yín lójú.